Mo ń lo "however" àti "moreover" dáadáa, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ní àròkọ mi ò so pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà, WAEC ni mo fẹ́ ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní ká máa lo transition words kí àròkọ wa lè dùn ún kà, mo sì ti há gbogbo wọn sórí. Síbẹ̀ báírò pupa ni tíṣà wa fi ń kọ "no link" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, mo mú un látinú lẹ́tà tí mo kọ sí alága káńsù lórí ọ̀nà tó bàjẹ́:

"Our road is bad. Moreover, farmers bring yam to Ado. However, their lorries break down on the way. In addition, yam is costly. Although the council promised to repair the road, but nothing has been done."

Níbo ni mo ti ń ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ náà ni pé a ò gbọdọ̀ fi "But" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìgbìyànjú. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà yìí dáa, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, gírámà ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ burú, ohun tó ń dààmú ẹ ni pé o ti mú ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ fi so gbólóhùn pọ̀ kó o tó bi ara ẹ léèrè pé kí ni gbólóhùn kejì ń ṣe fún ti àkọ́kọ́.

Wo "Moreover" yẹn. Ẹni tó bá rí i á ti máa retí pé o fẹ́ ka ẹ̀sùn míì kún ti àkọ́kọ́, pé ọ̀nà ò dáa, kò tún sí iná, omi ò tún yọ. Àmọ́ kí àgbẹ̀ máa kó iṣu lọ sí Adó kì í ṣe ẹ̀sùn, iṣẹ́ wọn ni. "However" náà ńkọ́? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá yí síbi téèyàn ò rò la máa ń lò ó, ta ni ò mọ̀ pé mọ́tò á bàjẹ́ lójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́? Èyí tó wá dùn mí jù ni "In addition, yam is costly", torí ibẹ̀ gan-an lagbára lẹ́tà ẹ wà. Ọ̀nà tó bàjẹ́ ló jẹ́ kí iṣu wọ́n! Ohun tó yẹ kí alága káńsù gbọ́ nìyẹn, "in addition" sì ti bò ó mọ́lẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ iṣu kàn ṣèèṣì wọlé ni.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, kódà kó jẹ́ Èkìtì pọ́ńbélé. Wàá sọ pé: "Ọ̀nà wa ò dáa. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Adó ló ń jìyà ẹ̀ jù, torí mọ́tò wọn máa ń bàjẹ́ lọ́nà, ìdí nìyẹn tí iṣu fi wọ́n." Ṣó o rí i pé "torí" àti "ìdí nìyẹn" ti jáde fúnra wọn, kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ. Ìgbà yẹn ló tó wá kàn ẹ́ láti wá Gẹ̀ẹ́sì wọn. Tó o bá sì sọ gbólóhùn méjì báyìí tí o ò rí nǹkan kan tó so wọ́n pọ̀ lẹ́nu ẹ, á jẹ́ pé ọ̀kan ò yẹ níbẹ̀ nìyẹn, yọ ọ́ kúrò tàbí kó o gbé e lọ síbòmíì.

Bí mo ṣe tún un kọ rèé:

"Our road is bad. The farmers who bring yam to Ado suffer most, because their lorries break down on the way. As a result, yam is costly. Although the council promised to repair the road, nothing has been done. This promise should now be kept."

Ka ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ inú ẹ̀, wọn ò pọ̀ mọ́. Gbólóhùn kejì ò tiẹ̀ ní kankan níwájú, "suffer" ló gbá "bad" mú. Wo "This promise" náà, kò sí nínú lísìtì tó o há sórí, bẹ́ẹ̀ ó so ìparí mọ́ ohun tó ṣáájú ẹ̀ ju "moreover" mẹ́wàá lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: "this" pẹ̀lú orúkọ ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán.

Mo yọ "but" kúrò lẹ́yìn "although". Àwa Yorùbá máa ń sọ pé "bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀, síbẹ̀ a lọ", méjèèjì ń bá ara wọn rìn, ó sì bójú mu. Gẹ̀ẹ́sì ò gba méjèèjì, mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni "since" tàbí "because" níwájú, tí "so" tún wá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Tún ṣọ́ kọ́mà o. "The road is bad, however we arrived early", èyí ò tọ̀nà. "However", "therefore", "moreover", "consequently" ò lágbára láti fi kọ́mà so odindi gbólóhùn méjì pọ̀, fúúlù sítọ́ọ̀pù tàbí semicolon ló yẹ kó ṣáájú wọn, kí kọ́mà wá tẹ̀ lé wọn: "The road is bad; however, we arrived early." "Because" àti "although" kì í ṣe irú wọn, àwọn yẹn ò lè dá dúró, torí náà "Because the road is bad." pẹ̀lú fúúlù sítọ́ọ̀pù, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. "Despite" ní tiẹ̀, orúkọ nǹkan ló ń fẹ́, "despite the rain", má ṣe kọ "despite of" láéláé.

Àwọn kan wà tá a máa ń gbọ́ káàkiri tá a wá ń kó wọ inú ìdánwò. "Moreso" tá a ń lò bíi "moreover", fi sílẹ̀. "Meanwhile" wà fún nǹkan méjì tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà. "Last but not the least", "the" yẹn ò sí níbẹ̀. Ẹ tún máa ń po "on the other hand" àti "on the contrary" pọ̀. Fi omi Ìkọ́gòsì wò ó: "One spring is warm. The other, on the other hand, is cold", ẹ̀gbẹ́ méjì lò ń gbé wò, òótọ́ sì ni méjèèjì. Àmọ́ tẹ́nì kan bá ní omi gbígbóná yẹn tutù, tó o fẹ́ já a: "It is not cold. On the contrary, it is warm."

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí máàkì. Nínú 50 tí WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, Content ní 10, Organization 10, Expression 20, Mechanical Accuracy 10. Bí ọ̀rọ̀ ò bá so pọ̀, Organization lò ń pàdánù, bó o bá ṣi ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ lò, ó kan Expression, bí kọ́mà bá wà níbi tí ò yẹ, Mechanical Accuracy tún lọ síbẹ̀.

Ní ti "But", o lè fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kò sí òfin gírámà tó kọ̀ ọ́, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì gidi ti ń ṣe é látayébáyé. Má kàn jẹ́ kó pọ̀ jù, má sì fi kọ́mà sẹ́yìn ẹ̀ bíi ti "However". Tí tíṣà yín bá lóun ò fẹ́ ẹ, lo "However" nínú iṣẹ́ tiwọn. Kọ ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí nínú lẹ́tà yẹn, sọ ọ́ lẹ́nu ná, kó o wá fi ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó.