Ààrò àárín gbọ̀ngàn ní Penshurst Place

Ẹ ní ẹ lọ wo Penshurst Place, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Kent ní England, ẹ sì bá ààrò onígun mẹ́jọ láàárín gbọ̀ngàn, láìsí ihò èéfín kankan lára ògiri. Ẹ wá ń béèrè bóyá àwọn ará ìgbà yẹn ò tíì mọ ihò èéfín ṣe ni, àti ìdí tí tábìlì kan fi wà lórí pèpéle nígbà tí àwọn yòókù wà nílẹ̀.

Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ní Kent kan náà, ilé ìṣọ́ gíga inú ilé olódi Rochester, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1127, ní ààrò inú ògiri tí èéfín rẹ̀ ń gba ojú ihò jáde. Ọdún 1341 ni wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn Penshurst. Sir John de Pulteney tó ni ín kì í sì í ṣe ẹni tí owó ń wọ́n: ọ̀gá oníṣòwò ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jẹ Mayor London. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi iná sí àárín ilé ni.

Inú gbọ̀ngàn ni gbogbo ilé ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ ń sùn. Iná ara ògiri, àwọn tó sún mọ́ ọn nìkan ló ń yá. Iná àárín ilé kan gbogbo wọn. Èéfín ńkọ́? Ẹ gbójú sókè. Òrùlé tí wọ́n fi igi chestnut ṣe yẹn ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60. Èéfín á ti gòkè kọjá orí àwọn tó jókòó kó tó wá ọ̀nà jáde lókè. Níbi tí ẹ ti ń wòkè, ẹ ó rí ère èèyàn tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí àwọn igi òrùlé. Mẹ̀kúnnù ni wọ́n jọ, kì í ṣe ọba, kì í ṣe áńgẹ́lì. Nínú gbogbo ilé yẹn, àwọn ni mo fẹ́ràn jù.

Ní ti pèpéle, ẹ rántí ibi tí ẹ gbà wọlé. Ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn ni, lẹ́yìn ògiri pákó, níbi tí ilẹ̀kùn yàrá ọtí, ti yàrá búrẹ́dì àti ọ̀nà ilé ìdáná wà. Apá àwọn ìránṣẹ́ nìyẹn. Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ ń lọ sókè, baálé ilé sì kọjú sí yín lórí pèpéle, àtẹ̀gùn yàrá tirẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ á ti mọ ẹni tó nilé kí wọ́n tó sọ fún un. Ẹ má pè é ní ìgbéraga lásán o. Kí baálé máa jẹun níṣojú àwọn èèyàn rẹ̀, ojúṣe ni: wọ́n ń rí i, ó ń rí wọn, ó sì ń mọ ẹni tí kò wá.

Ìdí nìyẹn tí ihò èéfín fi di ohun tí àwọn kan ń bínú sí. Ní ọ̀rúndún 14 kan náà, akéwì kan ráhùn pé àwọn olówó ti ń sá fún tálákà, pé wọ́n ń dá jẹun nínú yàrá oníhò èéfín, gbọ̀ngàn sì ti dá páropáro. Nígbà tó fi di 1616, tí ewì Ben Jonson nípa Penshurst jáde, ohun ìyìn ni fún un pé búrẹ́dì àti ọtí tí baálé ń jẹ tó ń mu náà ni wọ́n gbé fún àlejò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo ni, kò ní í sí ìdí láti kọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ẹ lọ sí Hardwick Hall ní Derbyshire, tí Bess of Hardwick, obìnrin olówó kan, kọ́ láàárín 1590 sí 1597. Gbọ̀ngàn ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ ló kù sí. Àjà àárín ni Bess ń gbé. Òkè pátápátá ló ti ń gba àwọn èèyàn ńlá lálejò, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ gun àtẹ̀gùn olókùúta gígùn lọ bá wọn. Láti ìta gan-an ẹ lè mọ̀ ọ́n: bí ilé náà ṣe ń ga sí i ni fèrèsé rẹ̀ ń gùn sí i, ti òkè pátápátá ló sì gùn jù.