Làádà Orí Líǹkì: Ṣé Haláàlì Ni, Báwo Ni A Sì Ṣe Ń Jèrè Níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Àsàlámù àlékúmù, Áfáà wa. Ọmọ Pákátà ni mí, Tanke ni mò ń gbé báyìí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń ṣe affiliate marketing. Wọ́n á fún mi ní líǹkì ọjà, èmi á pín in lórí WhatsApp àti Facebook. Ẹni tó bá gba orí líǹkì mi ra ọjà, wọ́n á san làádà fún mi. Ẹ̀kọ́ orí fídíò kan ni mò ń tà jù. ₦10,000 ni wọ́n ń tà á, ₦4,000 ni tèmi níbẹ̀. Èmi fúnra mi ò tíì wò ó parí. Ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ wa ní ká máa gbé àláàtì báńkì ẹlòmíràn sórí Status bíi pé tiwa ni, ká sì máa kọ ọ́ pé ààyè mẹ́ta péré ló kù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn méjì sì rà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo fi ₦20,000 polówó lórí Facebook, irinwó ènìyàn tẹ líǹkì náà, ènìyàn mẹ́rin ló rà, ₦16,000 ló wọlé. Ṣé owó yìí haláàlì ni? Bó bá jẹ́ haláàlì, báwo ni mo ṣe lè jèrè níbẹ̀ láìpurọ́?

ÌDÁHÙN

Wà àlékúmù sàláàmù, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ èrè tí o béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ Áfáà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí o má purọ́ tà, tí mi ò sì lè sọ bí o ṣe máa tà láìpurọ́, ebi ló máa dá ọ padà sídìí irọ́. Mo ní àwọn ọmọ kéwú tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì ti jókòó tì wọ́n, mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí n tó kọ èsì yìí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Bí àlejò bá wọ Ìlọrin tó ń wá aṣọ òfì, tí kò mọ ojúlé tí wọ́n ti ń hun ún, tí ẹnìkan sì mú un dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ, ahunṣọ á wá nǹkan fún ẹni tó mú oníbàárà wá. Líǹkì tìrẹ náà, mímú oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà ni. Samsara ni àwọn onímọ̀ ń pe irú iṣẹ́ yìí. Imam Bukhari ya orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé hádíìsì rẹ̀ fún owó iṣẹ́ náà, ó sì sọ níbẹ̀ pé Ibn Sirin, Ata, Ibrahim àti al-Hasan kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Ibn Abbas wà, pé kò sí aburú bí ènìyàn bá sọ pé, “Bá mi ta aṣọ yìí, ohun tó bá lé ní iye báyìí, tìrẹ ni.” Àwọn onímọ̀ kan fẹ́ kí iye làádà jẹ́ owó pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí mo dárúkọ yìí ni mo gbára lé, bí ìpín náà bá ti hàn kedere kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. ₦4,000 nínú ₦10,000 hàn kedere.

Tún wo Súrà Yusuf, áyà 72, níbi tí ife ọba ti sọnù: “Ẹni tó bá mú un wá, ẹrù ràkúnmí kan ni tirẹ̀, èmi sì ni onídùúró rẹ̀.” Owó iṣẹ́ tó so mọ́ àbájáde nìyẹn. Àwa tí à ń tọ ojú ọ̀nà Imam Maliki ní ìlú yìí mọ̀ ọ́n sí ju'l: bí iṣẹ́ ò bá parí, owó ò sí. Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá pín líǹkì láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rà, kò sẹ́ni tó jẹ ọ́ ní gbèsè, wọn ò sì yàn ọ́ jẹ.

Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ti líǹkì ò rí bẹ́ẹ̀, torí iye kan náà ni ẹni tó gba ọ̀dọ̀ rẹ rà á máa san, inú èrè olúọjà ni làádà rẹ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ẹni tí kò nílò ọjà náà láti rà á, ọjà náà wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ tà á ní ẹ̀dínwó.

Ohun tí a ó fi líǹkì tà gbọ́dọ̀ jẹ́ haláàlì. Mo ń sọ èyí torí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ń san làádà tó ń wọni lójú, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń pín líǹkì wọn láàárín ìrun méjì. Tẹ́tẹ́, owó èlé orí fóònù, ọtí, owó tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì ní ọ̀sẹ̀ kan: Súrà Màídà, áyà 2, ti kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Bákan náà, bí wọ́n bá ní kí o san owó kí o tó wọlé, béèrè ohun tí owó náà rà. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tó ní làákàyè, kò burú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti mú ẹlòmíràn wọlé lo rà, tó jẹ́ owó àwọn tó wọlé lẹ́yìn ni ẹ fi ń san ti àwọn tó wọlé ṣáájú, jáde níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe samsara, jíjẹ owó ara ẹni lọ́nà èrú tí Súrà Nisa, áyà 29, kọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àláàtì wá kù. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti ṣe najash: kí ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà máa bu owó lé e kí ẹlòmíràn lè kó sí i. Àláàtì ayédèrú kò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó wo Status rẹ rò pé o ti jèrè, o sì mọ̀ pé o ò jẹ ẹ́. “Ààyè mẹ́ta ló kù” náà ńkọ́? Fídíò ni ẹ ń tà. Bí gbogbo Kwara bá rà á lónìí, kò ní tán. Irọ́ pọ́ńbélé ni. Má sì fi “Wallahi” tì í lẹ́yìn, torí hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé ìbúra ń mú ọjà tà, ó sì ń pa àlùbáríkà rẹ́. Òfin ìlú pàápàá kọ̀ ọ́: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, dè é ní èèwọ̀ kí ẹni tó ń ta ọjà tàbí tó ń polówó rẹ̀ máa fi irọ́ tan oníbàárà.

Ó wá ku bí o ṣe máa jèrè. Abu Huraira ló gba ọ̀rọ̀ yìí wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim. Ànọ́bì kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó ní, “Kí lèyí, ìwọ olóúnjẹ?” Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ó ní, “Kí ló dé tí o ò gbé e sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i? Ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara mi.”

Ki ọwọ́ bọ òkìtì náà kí o tó pè wá síbẹ̀. O ní o ò tíì wo ẹ̀kọ́ náà parí. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ₦4,000 tó sọnù lórí ìpolówó ti jò lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá àgbà kan wà tó máa ń mú àwọn oníbàárà lọ sọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ní Dada, ní Òkèlélé. Kò ní ìkòkò kan tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìkòkò tó kúrò nílẹ̀, yóò fi ìka kàn án, yóò dẹtí sí i. Èyí tó bá ti sán, dídún rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kì í béèrè amọ̀kòkò, òun ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ni etí yẹn.

Wo ẹ̀kọ́ náà tán. Bí o ò bá lówó rẹ̀, bẹ olúọjà kó jẹ́ kí o wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ máa gbà fún ẹni tó ń bá wọn tajà. Lẹ́yìn náà, kọ ẹni tó wà fún, kọ ẹni tí kò wà fún, kí o sì kọ ibi tó tutù: bóyá fídíò rẹ̀ ń jẹ dátà, bóyá ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà kò lè lò ó. Àwọn tó máa rà á á dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rà á bá gba owó rẹ̀ padà, olúọjà máa yọ làádà náà lọ́rùn rẹ, nítorí náà owó tí o fi ìbòmọ́lẹ̀ rí kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Má tilẹ̀ ná làádà kankan kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé, “Bí ẹ bá gba ibí rà á, wọ́n á fún mi ní làádà.” Amazon sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń bá wọn pín líǹkì, wọn ò sì gbà kí ènìyàn gba orí líǹkì ara rẹ̀ rajà fún ara rẹ̀. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ka gbogbo rẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i, torí áyà àkọ́kọ́ nínú Màídà ní ká máa mú àdéhùn ṣẹ.

Ìṣirò rẹ nìyí. ₦20,000 lórí irinwó ènìyàn, ₦50 ni ẹni kan ná ọ. Làádà rẹ jẹ́ ₦4,000. Pín in sí ₦50, ọgọ́rin ni. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rin ènìyàn tó tẹ líǹkì, ó kéré tán ẹnìkan gbọ́dọ̀ rà kí owó rẹ tó padà. Ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ló rà. O ò jìnnà sí i rárá! Bí ẹni karùn-ún bá rà, owó ìpolówó ti pé, ẹni kẹfà ni èrè (dátà rẹ ò sí nínú ìṣirò yìí o, kọ òun náà sílẹ̀). Nítorí náà, má kúrò nídìí ọjà yìí torí ìpolówó kan. Má sì ná ₦20,000 lẹ́ẹ̀kan mọ́. Fi ₦3,000 dán ọ̀rọ̀ ìpolówó kan wò, fi ₦3,000 mìíràn dán òmíràn wò, ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà láàárín méjèèjì: àwòrán, tàbí gbólóhùn àkọ́kọ́, tàbí àwọn tí o fẹ́ kó rí i. Bí o bá yí mẹ́ta pa pọ̀, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bí olúọjà bá gbà ọ́ láàyè, ya líǹkì Facebook sọ́tọ̀ kúrò lára ti WhatsApp, kí o lè mọ ibi tí àwọn tó rà ti wá. Ohun tó sì dùn mí jù nínú àlàyé rẹ ni àwọn mẹ́rìndínnírinwó tó tẹ líǹkì tí wọn ò rà. O ti sanwó lórí wọn, wọ́n sì ti lọ. Má fi ìpolówó ránṣẹ́ tààrà sórí ojú ìwé tí wọ́n ti ń sanwó. Jẹ́ kó mú wọn wá sí WhatsApp rẹ, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, kí o dáhùn bí ẹni tó ti wò ó. Sọ fún wọn kí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ pamọ́, kí ìwọ náà fi tiwọn pamọ́ bí wọ́n bá yọ̀ǹda, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní rí Status rẹ. Ẹni tí kò rà lónìí lè rà lóṣù tó ń bọ̀, láìsí pé o tún san ₦50 lé e lórí.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Kí Ramadan tó dé, kí Iléyá tó dé, kí àwọn ọmọ Unilorin tó wọlé, àwọn ènìyàn ti ń wá nǹkan rà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Béèrè pẹ̀lú iye ọjọ́ tí líǹkì rẹ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ti Amazon; àwọn mìíràn ń fúnni ní oṣù kan. Bó bá jẹ́ kúkúrú, ṣàlàyé tán ná, kí o tó fún ẹni tó ti ṣe tán láti rà ní líǹkì.

Ti sàká: bí owó tí o kó jọ bá tó iye góòlù gíráàmù 85, tó sì lo ọdún òṣùpá kan gbáko lọ́wọ́ rẹ, yọ ₦2.50 nínú ₦100.

Ó ku àwọn ènìyàn méjì tó rà á torí àláàtì yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ najash, àwọn onímọ̀ wa ti Maliki fún ẹni tí wọ́n tàn ní ẹ̀tọ́ láti yàn: kó mú ọjà náà tàbí kó dá a padà. Nítorí náà, pè wọ́n lórí fóònù, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lásán. Sọ fún wọn pé àláàtì yẹn kì í ṣe tìrẹ. Bí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́ náà tẹ́ àwọn lọ́rùn, ₦4,000 rẹ lórí wọn haláàlì ni. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀, dá ₦4,000 tó wọ ọwọ́ rẹ padà fún un lọ́jọ́ náà, kí o sì bá a béèrè ₦6,000 tó kù lọ́wọ́ olúọjà. Ọ̀gá yín náà, sọ fún un pé o ò lè gbé irú àláàtì bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá kọ̀, kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, líǹkì ò so mọ́ ọn. Jẹ́ kí n gbọ́ èsì tí àwọn méjèèjì bá fún ọ.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.