Ọjọ́ Mẹ́rin ní Kathmandu Pẹ̀lú Màmá: Ibo Ni Ká Kọ́kọ́ Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo ń gbé. Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, èmi pẹ̀lú wọn sì fẹ́ lọ wo ìlú Kathmandu ní orílẹ̀-èdè Nepal, ní ìparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́rin péré la ní. Páàsípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi, ti Nàìjíríà ni tiwọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Mo rí ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ká fi ọjọ́ méjì wo ibi méjèèje tó lókìkí, ká wá fi méjì tó kù lọ wo òkè. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé gíga ibẹ̀ kò ní dí wọn lémìí? Ọmọ ìjọ ni Màmá, wọn ò fẹ́ ibi tí wọ́n á ti ní kí wọ́n bọ òrìṣà. Ẹnìkan tún sọ fún wa pé ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó gbogbo ìlú náà, pé kò sí ohun tó kù láti wò.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, ẹ bá mi kí Màmá gan-an ni. Iṣẹ́ ká máa ṣètò ìrìn-àjò báyìí ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni físà, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà tiyín àti ti Màmá ti yà. Páàsípọ́ọ̀tù tiyín á gba físà ní pápákọ̀ òfúrufú Kathmandu bí ẹ bá ṣe ń balẹ̀: 30 dọ́là fún ọjọ́ 15, 50 dọ́là fún ọjọ́ 30. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí Nepal ní kí ọmọ wọn ti gba físà ní ẹ́ńbásì kí wọ́n tó gbéra. Bí Màmá kò bá ní i lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kò ní jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ rárá, owó tíkẹ́ẹ̀tì á sì ti lọ. Nítorí náà, ẹ bá ẹ́ńbásì Nepal tó wà ní London sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún yẹ físà tí Màmá fi wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, bóyá ó gba kí wọ́n jáde kí wọ́n sì tún padà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí èyí. Kí wọ́n mú yẹ́lò káàdì wọn dání pẹ̀lú, torí Nepal ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ tí ibà pọ́njú wà dé.

Ní ti èémí, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ àwọn òkè Himalaya ló ń ba èèyàn lẹ́rù. Inú àfonífojì ni ìlú náà wà, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,400 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ Jos tiwa náà ti lé ní 1,200. Ẹni tó bá lè gbé Jos lè rìn ní Kathmandu. Eruku àti èéfín mọ́tò ló yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún, ẹ ra ìbomú dáadáa fún Màmá. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ṣeé mu. Omi inú ọ̀rá tàbí inú ike tí wọ́n dí pa, tàbí èyí tí wọ́n sè, ni kí ẹ máa mu.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ mì tìtì. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2015, ìmìtìtì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.8 pa èèyàn tó sún mọ́ 9,000 ní Nepal, ó sì wó ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kasthamandap, ilé onígi àtijọ́ tí ìlú ti gba orúkọ, wó tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò sí ohun tó kù kò tíì dé ibẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n ti kọ́ Kasthamandap padà, wọ́n sì ti tún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kọ́, pẹ̀lú bíríkì, amọ̀ àti igi, lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ìran Newar tí wọ́n ni àfonífojì náà. Orí stupa (òkìtì ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà) ńlá ti Boudhanath tó sán ni wọ́n kọ́kọ́ parí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ẹ lè rí igi tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti dúdú láti ọdún gbọọrọ, lára ilẹ̀kùn kan náà. Mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi dúró wò ó dáadáa, torí iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣì wà láàyè ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ètò ọjọ́ méjì fún ibi méje. Mo lòdì sí i. Ibi méjèèje tí wọ́n ń wí ni UNESCO kọ sílẹ̀ lọ́dún 1979, wọ́n sì dára lóòótọ́. Ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sọ fún èèyàn ni pé ìlú ọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn. Lẹ́yìn tí ọba Yaksha Malla wàjà ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀ rẹ̀ pín mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Kathmandu, Patan àti Bhaktapur sì di ìjọba ara wọn. Ó ju 200 ọdún lọ tí àwọn ọba mẹ́ta yìí fi ń bá ara wọn díje. Bí ọ̀kan bá kọ́ tẹ́ḿpìlì síwájú ààfin rẹ̀, èkejì á fẹ́ kọ́ èyí tó jù ú lọ. Ìdíje náà ló bí àgbàlá ààfin mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Durbar Square, títí ọba Prithvi Narayan Shah láti Gorkha fi ṣẹ́gun wọn ní 1768 sí 1769 tó sì sọ Kathmandu di olú-ìlú. Ẹni tó bá sáré wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àlejò sun ibi mẹ́ta dípò kó máa ti inú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Thamel, àdúgbò àwọn àlejò ní Kathmandu, jáde lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ gba yàrá sí ẹ̀gbẹ́ Boudhanath. Kò jìnnà sí pápákọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, orúnkún Màmá kò sì ní ráhùn. Stupa ńlá funfun kan ló wà láàárín, ojú Búdà tí wọ́n kùn sára rẹ̀ ń wo igun mẹ́rin. Láti ìgbà tí àwọn ará Tibet ti sá wá síbẹ̀ lẹ́yìn 1959 ni àdúgbò náà ti di tiwọn. Nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, àwọn àgbàlagbà á jáde wá yí i po, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà lè bá wọn rìn, kí stupa ṣáà máa wà lápá ọ̀tún yín. Bó bá rẹ Màmá, àwọn ilé oúnjẹ olókè pọ̀ yí ibẹ̀ ká tí wọ́n ti lè jókòó máa wò. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n foríbalẹ̀ fún nǹkan kan, níbí tàbí níbòmíràn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dọ̀ àlejò kò ju pé kó bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti bọ́ ọ, kó má fara kan ère tí wọ́n ń bọ, kó sì bèèrè kó tó ya èèyàn ní fọ́tò.

Pashupatinath, tẹ́ḿpìlì ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, wà nítòsí, lójú ọ̀nà yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ bi Màmá kí ẹ tó dé ibẹ̀, torí etí odò Bagmati ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń sun òkú wọn ní gbangba, kì í sì ṣe gbogbo àgbà ló fẹ́ fojú kan irú ẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù kì í wọ tẹ́ḿpìlì gangan. Òdìkejì odò ni ẹ ti máa wò ó. Ẹ kó fóònù sápò níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣe ìran àpéwò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ forí lé Bhaktapur, nǹkan bíi kìlómítà 13 sí Kathmandu, kí ẹ sì sùn síbẹ̀. Owó ìwọlé ibẹ̀ ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìlú náà ń fi í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ò ní san òmíràn bí ilẹ̀ bá mọ́. Mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín ìlú, bíríkì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàtà Màmá fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ. Bí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò bá ti lọ tán ní ìrọ̀lẹ́, àwọn onílé á gba ìlú wọn padà. Láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé àwo òdòdó àti ìrẹsì lọ sí ojúbọ, àwọn ọkùnrin á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ilé ìsinmi máa ka ìwé ìròyìn.

Tẹ́ḿpìlì Nyatapola ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọba Bhupatindra Malla ló kọ́ ọ ní 1702, òrùlé rẹ̀ jẹ́ márùn-ún léra wọn, orí pèpéle márùn-ún ló sì jókòó sí. Ìmìtìtì 1934 kò wó o, ti 2015 náà kò wó o. Ẹ dúró nísàlẹ̀ kí ẹ wo ère méjì-méjì tó ń ṣọ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ajìjàkadì méjì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní agbára wọn tó ti èèyàn lásán mẹ́wàá. Erin ló tẹ̀ lé wọn, ó lágbára jù wọ́n lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kìnnìún, lẹ́yìn rẹ̀ ẹranko abìyẹ́, àwọn abo òrìṣà méjì ló wá wà lókè. Màmá ò nílò kí wọ́n gun ìkankan láti rí gbogbo rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ rìn lọ sí ìta àwọn amọ̀kòkò. Ní àsìkò tí ẹ ń lọ yìí, wọ́n á ti máa sá ìrẹsì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ẹ ó sì máa wá ibi tí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ sí láàárín wọn. Ẹ ra juju dhau jẹ, wàrà dídì aládùn tí wọ́n fi wàrà ẹfọ̀n ṣe sínú àwo amọ̀. Ní ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta Dattatreya, ẹ ó rí fèrèsé kan tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ ọ̀kín sí, tó na ìrù rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, igi lásán ni gbogbo rẹ̀.

Òkè ńkọ́? Ìparí oṣù kẹwàá dára, òjò ti lọ, ojú ọ̀run sì máa ń mọ́ láàárọ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ pàdánù ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá jí ní Bhaktapur tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ gba tasíì lọ sí Nagarkot, ó tó nǹkan bíi 2,100 mítà, ẹ ó rí àwọn òkè oníyìnyín náà tò lọ rẹrẹ, ẹ ó sì padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n á fi ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó ń lọ wo Everest lọ̀ yín. Èmi kì í ṣètò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: láti 2013 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Nepal nítorí ààbò.

Patan ni kí ẹ sùn lọ́jọ́ kẹta. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo fẹ́ràn jù, ilé ọnà inú ààfin rẹ̀ sì ni kí ẹ má ṣe fò. Ní ìta gbangba, tẹ́ḿpìlì Krishna tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ní 1637 dúró, ìtàn àwọn akọni wọn wà lára rẹ̀ yí po. Nítòsí ni òpó kan wà tí ọba Yoganarendra Malla jókòó sí lókè, ère oníwúrà, ejò ńlá na orí bò ó, ẹyẹ kékeré sì bà lórí ejò náà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹ náà bá ṣì wà níbẹ̀, ọba lè padà wálé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ dè é ní ààfin. Òpó yẹn ṣubú ní 2015. Wọ́n ti gbé e dìde, ẹyẹ náà sì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ti Kathmandu fúnra rẹ̀. Ẹ tètè dé Durbar Square kí èrò tó kún. Ẹ wọ àgbàlá ilé Kumari, ọmọbìnrin kékeré tí àwọn Híńdù àti ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀ ń júbà gẹ́gẹ́ bí òrìṣà alààyè títí yóò fi bàlágà. Ó lè yọjú lójú fèrèsé, ẹ kò gbọ́dọ̀ yà á ní fọ́tò. Ẹ wá gba oríta Indra Chowk lọ sí ọjà Ason, níbi tí ọ̀nà mẹ́fà ti pàdé. Àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ wà ní Indra Chowk, wọ́n á sín in bí Màmá ṣe fẹ́ lójú wọn níbẹ̀. Ẹ ra ìborùn níbi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá tà fún yín ní owó pọ́ọ́kú ní Thamel kì í ṣe pashmina (ìborùn irun ewúrẹ́ òkè) tòótọ́. Ẹran inú momo, ìyẹ̀fun tí wọ́n di ẹran sínú, lè jẹ́ ti ẹfọ̀n tàbí adìyẹ, torí òfin kò gbà kí wọ́n pa màlúù. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: bí Dashain, ọdún ńlá àwọn Híńdù, bá bọ́ sí àsìkò yín, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti tì.

Stupa Swayambhunath ló kù, lórí òkè kékeré tí ọ̀bọ pọ̀ sí. Àtẹ̀gùn iwájú jẹ́ 365, ẹ má gbà á. Ẹ ní kí onítasíì gba ọ̀nà ẹ̀yìn tí mọ́tò ń gbà gòkè, àtẹ̀gùn tó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan, kí ẹ sì fi oúnjẹ pamọ́ sínú àpò nítorí àwọn ọ̀bọ. Bó bá ti rẹ Màmá lẹ́yìn ọjà, èyí ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gé Ason kúrú.