Òkìtì Pleshey: Ta Ni Wọ́n Mọ Ọ́n Fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ní Pleshey, ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì ńlá kan wà tí yàrà yí ká. Ilé olódi ayé àtijọ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ yàtọ̀ sí afárá bíríkì kan, n kò rí ilé níbẹ̀. Àwọn yàrà tí mo mọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú ni wọ́n yí ká. Ta ni tèyí wà fún?

Ìdáhùn: Ìjòyè kan àti ọmọ ogun rẹ̀ ló wà fún. Níbòmíì, ṣe ni wọ́n ń fi ilé olódi ṣọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn.

Àwọn Norman, ìyẹn àwọn ará Normandy ní ilẹ̀ Faransé, tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ló sọ irú òkìtì yìí di àṣà níbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ yàrà róbótó, wọ́n á máa da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sáàárín. Ti Pleshey ga tó mítà 15. Ẹni tó bá kàn da iyẹ̀pẹ̀ jọ, òjò á ya á lulẹ̀. Nítorí náà wọ́n á tẹ́ ìpele kan, wọ́n á gún un kó le, wọ́n á fi amọ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí wọ́n tó da òmíràn. Lórí rẹ̀ ni ọgbà igi àti ilé ìṣọ́ onígi máa ń wà. Ìsàlẹ̀, nínú àgbàlá tó ní yàrà tirẹ̀, ni gbọ̀ngàn, ilé ìdáná àti ibùso ẹṣin wà. Ọjọ́ tí ọ̀tá bá já wọ àgbàlá ni wọ́n ń sá gòkè.

Igi ti jẹrà. Òkúta tó rọ́pò rẹ̀ ní Pleshey, wọ́n ti tú u kó lọ. Òkúta pàápàá ní wàhálà tirẹ̀ lórí ilẹ̀ àdàjọ: ní ìlú York, atẹ́gùn wó ilé onígi orí òkìtì ní 1228, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti òkúta ní 1245, nígbà tó fi máa di 1360, ó ti là látòkè délẹ̀ níbi méjì.

Ní ti ìlú, ìwé Domesday ti 1086, tí ọba fi ka ilẹ̀ àti dúkìá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ láìfi bò: ilé 166 ni wọ́n wó ní Lincoln kí àyè lè wà fún ilé olódi, 98 ní Norwich, 27 ní Cambridge. Pleshey kò rí bẹ́ẹ̀. Inú odi ìta ilé olódi náà ni abúlé wà títí dòní. Ní Devizes, ìlú mìíràn tí wọ́n kọ́ ilé olódi sí, ẹ wo máàpù: òpópónà ṣì ń yí bí yàrà àtijọ́ ṣe yí.

Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ o. Òfin 1979 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ lórí irú ilẹ̀ tí ìjọba ń dáàbò bò bẹ́ẹ̀.