Ìbéèrè Yín: Ṣé Dandan ni Ìwádìí fún Ẹni Tó Ń Ya Àwòrán Àga?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀fà ni mo ti ń ya àwòrán àga àti tábìlì tí àwọn káfíńtà ń kàn fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti kọ owó ìwádìí sínú ìwé owó iṣẹ́, àwọn oníbàárà á ní kí n yọ ọ́ kúrò, pé àga ni àwọn ní kí n ṣe, àwọn kò rán mi níṣẹ́ yunifásítì. Ṣé kí n pa ìwádìí tì ni? — Ayàwòrán, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má pa á tì o. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ yọ kúrò nínú ìwé owó, kí ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ yòókù, nítorí pé ara iṣẹ́ náà ni.

Kì í ṣe pé kí ẹ bi olùkọ́ bóyá àga dára ni mo ń pè ní ìwádìí. Lágbègbè wa, àlejò tó bá mú bírò àti ìwé dání wọlé, "Ó dára, ẹ ṣeun" ni wọn yóò máa wí fún un. Àpọ́nlé kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti àárọ̀ títí wọn yóò fi jáde, kí ẹ wo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, èyí tó ní láti dìde dúró kó tó lè kọ̀wé, àti ibi tí wọ́n ń ki báàgì bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù wọ̀n wọ́n láti gìgísẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún, àti láti orí ìjókòó dé ìgúnpá, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, tàbí kí gbogbo wọn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá wọ̀n ti ẹnì kan pẹ̀lú bàtà, tí ẹ wọ̀n ti ẹlòmíràn láìsí bàtà, àkọsílẹ̀ yín kò ṣeé lò mọ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ bàálù ológun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ B-17 a máa ká ẹsẹ̀ bàálù sókè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀ tán, bàálù á sì fi ikùn lélẹ̀. Àìfiyèsí ni wọ́n kà á sí. Alphonse Chapanis, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ló yẹ ibi ìjókòó awakọ̀ wò, tó rí i pé ohun tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ bàálù àti èyí tí wọ́n fi ń darí pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ jọra, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi rọ́bà tó rí bíi táyà kékeré sí ọ̀kan, ó fi ohun tó rí bí ìyẹ́ sí èkejì, kí ọwọ́ lè dá wọn mọ̀ láìwò. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń gun orí tábìlì yín jókòó, ẹ má tètè pè é ní aláìgbọràn.

Ẹ má sì da ìwọ̀n inú ìwé òkèèrè kọ. Lọ́dún 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, ayàwòrán ilé, ka àkókò tí iṣẹ́ ilé ìdáná ń gbà kó tó ya àwòrán ilé ìdáná Frankfurt, ní Jámánì. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó sórí àpótí ní Ìlọrin, tó ń ro àmàlà, kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Kí káfíńtà tó kan gbogbo àga, kí ó kan méjì péré, kí ẹ gbé wọn sí kíláàsì fún ìdajì sáà, kí ẹ máa lọ wò wọ́n. Oníbàárà tó kọ̀ láti san owó ìwádìí kì í sábà kọ̀ láti san owó àga àyẹ̀wò, torí pé ojú rẹ̀ rí i; ibẹ̀ ni kí ẹ ka owó ìwádìí náà mọ́.