Ẹ má gé ẹ̀yìn fọ́tò yẹn dànù

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tí ẹ bá àpótí fọ́tò bàbá bàbá yín tó ṣòwò ní Bukuru, lẹ́bàá Jos. Ẹ ní àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, pé ẹ fẹ́ fi aṣọ tútù nù wọ́n, kí ẹ sì kó gbogbo wọn lọ ṣe lámínéètì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Bukuru ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ nilé wa, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àṣìṣe ló kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn mí jù. Fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá mi yà níbi iṣẹ́ kùsà. Tánganran ni wọ́n ń wà níbẹ̀, Hausa ń pè é ní kuza. Bàbá mi kì í ṣe awakùsà, aṣọ àti bàtà ni wọ́n máa ń gbé lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ owó oṣù. Nígbà tí wọ́n kú, à ń wá àwòrán tí a máa fi sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú, la bá gbé fọ́tò yìí fún ọmọ oníkọ̀ǹpútà kan. Ó gé gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, ó fi sánmà aláwọ̀ búlúù àti òdòdó rọ́pò rẹ̀. Ó wù wá nígbà náà, a tiẹ̀ fún un lówó ọtí. Fọ́tò gan-an kò padà délé mọ́.

Ọjọ́ ìsìnkú ni ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wo ìwé ètò náà títí, wọ́n ní, "Katakátá yẹn dà?" Katakátá wo, bàbá? Wọ́n ní ẹ̀rọ dragline kan, tí apá rẹ̀ ga ju ilé lọ, ló wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ náà, àti pé àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ dúró. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo tún un wò. Ọwọ́ kan wà lórí èjìká bàbá mi. Ọmọ oníkọ̀ǹpútà ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé fọ́tò Òkè Ọya àtijọ́ sọ́wọ́, ohun tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo ojú. Àwọn èèyàn wa kì í wọ aṣọ tó dáa lọ sí kòtò ìwakùsà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù, ilé fótógíráfà, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà. Ẹ̀gbẹ́ ni iṣẹ́ kùsà máa ń gbà yọjú: òkìtì yẹ̀pẹ̀, òpó iná, irin rélùwéè.

Irin rélùwéè wúlò gan-an ni láti mọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò. Ìlà kékeré tó ti Zaria wá sí Bukuru, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ péré ni fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì pa á tì ní 1957. Ìlà ńlá tó gba Kafanchan wọ Jos ní 1927 fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi búra fún wa pé ọdún òmìnira ni wọ́n ya ọ̀kan nínú àwọn tiwa, ọkọ̀ orí ìlà kékeré yẹn sì ń rú èéfín lẹ́yìn wọn gbàgàdà, ìlà tí wọ́n ti pa tì láti ọdún mẹ́ta! Òpó iná ní tirẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Àbúrò mi rò pé fọ́tò tó bá ti ní òpó iná kò lè jẹ́ ti àtijọ́, kò mọ̀ pé iná tí wọ́n ń fi omi Kurra, ní Plateau, ṣe ti ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà kí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tó rí iná.

Ẹ lè bá irú èyí pàdé náà: ọkùnrin lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n tò sórí ìlà, páànù lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ní 1942, lẹ́yìn tí Japan gba Malaya, níbi tí tánganran ti ń wá tẹ́lẹ̀, tánganran wọ́n gógó fún àwọn òyìnbó tó ń jagun, ni ìjọba bá fi tipátipá kó àwọn èèyàn láti àwọn agbègbè Òkè Ọya wá wakùsà. Títí di 1944, nǹkan bí 100,000 ni wọ́n kó, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa tí bàbá mi gbà lọ́wọ́ akọ̀wé kan. Orúkọ òyìnbó kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sẹ́yìn pépà rẹ̀, "labour" ni wọ́n kọ fún bí ogójì tó kù. Àwọn Berom tó ni ilẹ̀ ńkọ́? Oko àcha wọn, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ, ni wọ́n gbẹ́, òun ló di adágún omi tí ẹ ń rí káàkiri Bukuru títí dòní. Àwa jèrè aṣọ ní tiwa, mi ò ní purọ́.

Bí ẹ bá gbé fọ́tò lọ bá àgbàlagbà, ẹ má fi "Ta nìyí?" bẹ̀rẹ̀. Màmá kan tó sá wálé lẹ́yìn ìjà Jos ti 2001 wo ojú àwọn èèyàn inú ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́, wọn ò dá ẹnì kan mọ̀. Mo wá bi wọ́n pé aṣọ wo lèyí. "Áà! Aṣọ ìsọmọlórúkọ ilé Ìyá Oníyọ̀ nìyẹn!" Ni wọ́n bá ń ka orúkọ bí ẹni ń ka owó. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ kan lónìí tí wọ́n pe òmíràn lọ́la, ẹ kọ méjèèjì.

Ní ti àwọn tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fà wọ́n. Mo fa mẹ́ta, ojú ẹnì kan lọ lẹ̀ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ẹ má fi omi kàn wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Lámínéètì kò ṣe é tú, iná rẹ̀ sì ń ba fọ́tò jẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn, kì í ṣe bírò. Ẹ ya tiwájú-tẹ̀yìn wọn sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, kí àwòrán lè mọ́ kedere, tetí-tetí, ẹ má gé nǹkan kan, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí tó wà nílùú míì. Inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo tiwa wà nígbà tí ilé jó ní 2001. Èyí tó ṣẹ́kù, àǹtí mi ló ti kó o wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti fi ṣe fáàrí.

Láyé ìgbà náà, bí mẹ́ta bá jọ ya fọ́tò, kálukú máa ń gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ti rántí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù, ti èkejì kò tíì wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ bá mi wo inú àpótí yín dáadáa. Bí ẹ bá rí ọkùnrin mẹ́ta níwájú katakátá alápá gígùn, tí ọ̀kan gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà láàrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.