Kẹ́ẹ̀gì tí a kò kọ orúkọ sí lára

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Olúyọ̀lé, Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa máa ń ní kí a da omi kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà ajónilára tí a fi ń ṣe ọṣẹ, láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú kẹ́ẹ̀gì òróró àtijọ́, láìkọ ohunkóhun sí i lára. Ǹjẹ́ èyí bójú mu, kí sì ni ẹ̀tọ́ wa bí ó bá jó ẹnìkan?

ÌDÁHÙN: Kò bójú mu rárá. Omi kọ́sítíìkì kò yàtọ̀ lójú sí omi mímu, ẹ sì mọ bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ènìyàn ní ọ̀sán Ìbàdàn. Orúkọ kẹ́míkà náà àti àmì ewu onígun mẹ́rin tí etí rẹ̀ pupa, gẹ́gẹ́ bí GHS, ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí fífi àmì ewu sára kẹ́míkà, ti là á sílẹ̀, ni ó yẹ kí ó wà lára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ìwé àlàyé ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á; ìsọ̀rí 16 ni ó ní, ìkẹrin sì ni ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìbọ̀wọ́, bàtà àti awò ìdáàbòbò ojú kì í ṣe àánú ọ̀gá: Òfin Fákítírì ilẹ̀ wa ló ní kí ó pèsè wọn.

Bí omi kọ́sítíìkì náà bá ta sí ènìyàn lára, omi tí ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣan ibẹ̀, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Lábẹ́ òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, ẹni tí ó fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí owó gbà-má-bínú náà, létí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.